Sùpánà Ọlálérè

Kí ló ń wọ inú ènìyàn tí yóò fi jẹ iyán lọ́wọ́ rẹ lálẹ́, tí yóò sì dìde láàárọ̀ lọ tú nọ́ọ̀tì kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ? Mo ti bi ara mi títí, n kò rí ìdáhùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìlara ni àìsàn Ọlálérè. Bí ó bá ti rí ohun dáradára lọ́wọ́ ẹlòmíràn, oorun kì í kùn ún mọ́.

Ọdún owó Údójì ni, tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Gbogbo àdúgbò wa, Máfolúkù l'Óṣòdì, ló ń ra nǹkan. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú ra kẹ̀kẹ́, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi Akíntáyọ̀ ọkọ mi ṣe kápútẹ́nì. Kápútẹ́nì ló ń gbé àsíá níwájú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ọlálérè, tí wọ́n jọ ń já ẹrù ọkọ̀ òfurufú, ló tẹ̀ lé e. Èyí kò tẹ́ Ọlálérè lọ́rùn.

Ní oṣù Kejìlá, ẹgbẹ́ múra láti gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta, kí wọ́n lọ wo àpáta Olúmọ àti àwọn ilé àtijọ́ tó wà nídìí rẹ̀. Èmi àti ọmọ mi Ọládùnní wà nínú píkọ́ọ̀pù tó kó oúnjẹ tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀rù máa ń bà mí lójú ọ̀nà. N kò gbé ojú kúrò lẹ́yìn ọkọ mi. A kọjá Ọ̀tà, a kọjá Ìfọ̀. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, táyà iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ lójijì. Kí n tó sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ká sábẹ́ irin.

A gbé e dé ọsibítù l'Abẹ́òkúta. Dókítà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ṣẹ́. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ gun àkàbà jẹun ni o. Ibi tí mo ti ń sunkún ni mo ti gbọ́ ohùn Ọlálérè níta, tó gbé àsíá lọ́wọ́, tó ń sọ fáwọn yòókù pé, "Ẹni tí kò lè tọ́jú kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ lẹ fi ṣe kápútẹ́nì. Ẹ ò wá rí i báyìí?" Àwọn kan mi orí. Bí ọkọ mi ṣe dùbúlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ń bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń lọ sí àgbẹ̀dẹ àtijọ́ kan nídìí Olúmọ. Ọkọ mi ní, "Ìyá Ọládùnní, lọ dúró fún mi." Mo pọn ọmọ, mo lọ.

Baba alágbẹ̀dẹ, Baba Ògúnjìmí, gbà wá tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ó fi òòlù àti ẹwìrì tí àwọn baba rẹ̀ fi ń rọ ọkọ́ hàn wá. Nígbà tó kù ká máa lọ, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi irin rìnrìn àjò, ẹ ò ní kọjá níbí lásán. Kí kálukú mú irin tó fi ń tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe, kó fi kan ahọ́n, kó ní òun ò ṣe ẹlẹgbẹ́ òun níbi lọ́nà."

Gàfárù, ọ̀kan nínú wọn, ní, "Baba, mo ti kírun láàárọ̀ o."

"Ta ló ní kó o má kírun? Fi irin kan ahọ́n, ọmọ mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, àti Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí. Ó kan Ọlálérè. Ó na ọwọ́ pé kí òun gba sùpánà Gàfárù.

"Tìrẹ dà?" ni Baba bi í.

"Mo gbàgbé ẹ̀ sílé."

"Sílé ibo?" ni Gàfárù wí. "Èyí tó o fi bá mi fún pẹ́dà pọ̀ l'Ọ́tà láàárọ̀ àná ńkọ́?"

Òógùn bo Ọlálérè. Ọmọ Yorùbá ni. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá fi irin búra èké kò gbọdọ̀ gun irin padà sílé. Mo ti ọwọ́ bọ báàgì tó so mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo fa sùpánà náà yọ, mo gbé e sí i lẹ́nu. Bọ̀ọ̀dá Ọlálérè ni mo máa ń pè é tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo ní, "Ọlálérè, fi kan ahọ́n. Ọkọ mi ló rán mi."

Ó kúnlẹ̀. "Ìyàwó wa, mo kàn tú u díẹ̀ ni, l'Ápákún l'Óṣòdì, nígbà tí ẹ ń di oúnjẹ. Mo rò pé á kàn máa gbọ̀n ni, á dúró, èmi á sì gba iwájú."

Ẹgbẹ́ gba àsíá lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tú táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì fún Baba, wọ́n gbé egungun kẹ̀kẹ́ tó ṣẹ́ kù rù ú. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun jókòó sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Mo ní, "Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì ṣì pé. Máa rìn."

Ìròyìn dé Máfolúkù ṣáájú rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń bi í lójú pópó pé, "Ẹ̀gbọ́n, sùpánà dà?" Níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ gun àkàbà tó bá dì mú; wọ́n dá a dúró. Onílé rẹ̀, Alàájì Ṣàmsúdéènì, ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ó sá lọ sí Ìsọlọ̀. Èmi fúnra mi ni mo lọ ròyìn rẹ̀ fún àwọn tó gbà á sílé níbẹ̀, wọ́n sì lé e. Lọ́jọ́ tó wọ ọkọ̀ ojú irin kúrò l'Óṣòdì, mo pọn ọmọ lọ wò ó. Kò sẹ́ni tó sìn ín. Inú mi dùn, n kò sì káàánú rẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí a má ṣe tìtorí ipò ṣe ẹni tó fọkàn tán wa níbi. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní rí ipò náà lò, ìtìjú kò sì ní jẹ́ kó gbé láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n. Kí a sì máa yẹ ohun tí à ń gùn wò kí a tó gbéra, kódà bí ọ̀rẹ́ ló bá wa tọ́jú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ mi jinná, ṣùgbọ́n ó kúrú. Kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Ọládùnní ti wọ iléèwé kí Ajíbọ́lá, akọ̀wé ẹgbẹ́, tó sọ fún mi pé kí á tó kúrò l'Óṣòdì ni ọkọ mi ti sọ fún òun pé, bí àwọn bá ti dé Olúmọ, Ọlálérè ni òun máa gbé àsíá náà fún, kó di kápútẹ́nì.