Ohùn Tó Ń Ki Àwẹ̀ró

Bí a bá ń wá ọ̀daràn, ká rọra máa nàka. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni wọ́n ti jí Àwẹ̀ró gbé. Àwa ará ẹgbẹ́ Wásáàpù tó ń bá ọlọ́pàá wá a kò ní ju ohùn tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn lọ: "Ẹ wá mú mi." Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, obìnrin kan ń kì í, ẹnìkan wúkọ́, ilẹ̀kùn sì dún. A ní obìnrin yẹn ló jí i gbé, pé oníkọ́ ni igbákejì rẹ̀.

Ìwádìí wa ló gbé èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ọlátóún, dé ilé-ìwé àpatì kan ní ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀kùn wà ní títì pa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká pe ọlọ́pàá."

"Ìwọ tó ń fẹnu jagun lórí fóònù, ilẹ̀kùn lásán ló ń dẹ́rù bà ọ́? Jẹ́ kí n kì í. Bó bá wà níbí, yóò dáhùn."

Ó fẹnu mọ́ ilẹ̀kùn. "Àwẹ̀ró, ọmọ afínjú tí í bomi tútù fún àlejò kó tó bèèrè orúkọ..."

Ohùn obìnrin tó wà nínú ohun tí Àwẹ̀ró fi ránṣẹ́ gan-an ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti wá síbí rí?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, n ò débí rí."

Irọ́ ni, mo wí nínú ara mi. Olúwa, ṣàánú mi. Mo ń fà sẹ́yìn ni eruku gbá mi lọ́fun, mo sì wúkọ́.

Mo mọ ikọ́ yẹn.

Ọlátóún yíjú, ó wò mí bí ẹni wo olè. Nínú gbogbo ohun tí a gbọ́ lẹ́yìn ohùn Àwẹ̀ró, ó wá ku ilẹ̀kùn nìkan. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó sì dún.