Ẹdùn Àrá tí Rogatien Gbé Lọ Pọ́n

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má kàn fojú fò ó. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, pàápàá ẹ̀yin ọkọ tí ẹ mọ gbogbo nǹkan tán.

1.
Victorine ń hú ẹ̀gẹ́ lóko wọn ní Kpoulou, ni ọkọ́ rẹ̀ bá kan nǹkan: kò! Òkúta dúdú ni, ó rí bí àáké. Ẹdùn àrá!

Kíá, Rogatien ọkọ rẹ̀ já a gbà. Ó ti gbọ́ pé Madáàmù Solange ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́ wá wo irú òkúta bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá dára yóò wọ ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó rí i. Rogatien ti ń gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ létí.

Victorine ní, "Bàbá Ẹniọlá, èmi ni mo rí i o."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Oko ta ni o ti rí i?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè!

2.
Àmọ́ ẹnu òkúta náà kújú, ẹrẹ̀ sì há sí i lára. Rogatien rò ó. Ṣebí Ṣàngó ló ń ju ẹdùn láti ọ̀run? Ṣé àáké Ṣàngó á wá kújú bí ọkọ́ ọ̀lẹ? Ó gbé e tọ Ghislain tó ń jó irin létí ọ̀nà.

"Bá mi pọ́n ọn, kó mú."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú?"

"Pọ́n ọn jàre! Ṣé ìwọ ni Ṣàngó?"

Ẹ̀rọ ké, eruku sọ. Wọ́n tún fi ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun pósí kùn ún, ó ń kọ mànà.

3.
Nígbà tí Madáàmù Solange dé, ó yí òkúta náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, àwọn ará àtijọ́ ló fọwọ́ ṣe eléyìí. Ipa ọwọ́ wọn la fẹ́ rí. Ẹ ti pa á rẹ́."

Rogatien ò gbà. Ó di ilé Bàbá Abọ́dúndé, àgbà oníṣàngó. "Bàbá, Madáàmù yẹn ò mọ̀ ọ́n ni. Ẹ bá mi gbà á sójúbọ."

Bàbá gbóòórùn ọ̀dà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Rogatien, ẹdùn àrá kọ́ nìyí mọ́. Ẹdùn Ghislain ni!"

Ọ̀rọ̀ dọ́jà Adja-Ouèrè. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n máa dárúkọ òun, wọ́n ń kí i pé: "Ẹdùn Ghislain, ẹ káàárọ̀ o!" Victorine tí wọ́n fi nǹkan rẹ̀ dárà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ì báà jẹ́ Ṣàngó ló jù ú, ì báà jẹ́ èèyàn ló ṣe é, ta ló ní kí ẹ pọ́n ọn? Bí ọkọ́ yín bá kan ẹdùn, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má kùn ún, ẹ fi han ẹni tó mọ̀ ọ́n bó ṣe wà. Ẹni tó sì rí i ni kí ẹ dárúkọ, ì báà jẹ́ ìyàwó yín o! Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.