Jẹ́sì Nọ́ńbà Mẹ́jọ Tí Kì Í Dọ̀tí

Ọ̀lẹ ni Ansẹ́límò. Ọ̀lẹ nìkan ì bá tiẹ̀ sàn, torí ọ̀pọ̀ ọ̀lẹ ló wà tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ti Ansẹ́límò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí kò ṣe, ọrùn ẹlòmíràn ló máa ń gbé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, inú ṣì ń bí mi.

Ọmọ ilẹ̀ Sípéènì ni. Lọ́dún 1991 ló dé sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré kan lápá Ashton, nítòsí Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí; mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Èmi ni mò ń fọ aṣọ wọn nígbà náà. Láti Longsight ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ. Àárín pápá ni Ansẹ́límò ń gbá. Ẹni tó bá ń gbá àárín, iṣẹ́ méjì ló ní: kó gbé bọ́ọ̀lù fún àwọn tó wà níwájú, kó sì sá padà wá ran àwọn tó wà lẹ́yìn lọ́wọ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ṣe méjèèjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dùn-ún wò. Fọ́tò rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn, èrò ìwòran sì ń fi orúkọ rẹ̀ kọrin.

Ni orí rẹ̀ bá wú. Ó di pé iwájú nìkan ló mọ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, á dúró, á gbọ́wọ́ lé ìbàdí, á máa nàka sí Tòkunbọ̀.

"Tóks! Mú un! Mú un!"

Tòkunbọ̀ ni ọmọ wa tó ń gbá ẹ̀yìn. Manchester níbí ni wọ́n bí i sí. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ìyàwó rẹ̀, Wùmí, sì wà nínú oyún. Ẹni méjì ló máa ń já lu òun nìkan, torí Ansẹ́límò tó yẹ kó mú ẹnì kan ti dúró sáàárín bí òpó iná. Wọ́n á gbá góòlù wọlé. Ansẹ́límò á na ọwọ́ méjèèjì sókè, á ní, "Ṣé ẹ rí Tòkunbọ̀?" Àwọn èèyàn á sì hó lé Tòkunbọ̀ lórí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan ní oṣù kejì ọdún 1994, Tòkunbọ̀ wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀. Kí ló ṣe ojú ẹ báyẹn?"

"Kóòṣì ní tí góòlù bá tún gba ọ̀dọ̀ mi wọlé ní Sátidé, kí n máa lọ sílé."

"Ìwọ ò lẹ́nu láti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀?"

"Ta ló máa gbà mí gbọ́, mà? Òun ni wọ́n ń kọrin fún."

Jẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà márùn-ún, wà lọ́wọ́ mi. Ó wúwo bí àpò gaàrí tí òjò pa. Ẹrẹ̀ ti wọ̀ ọ́ dé inú. Mo fa nọ́ńbà mẹ́jọ, ti Ansẹ́límò, jáde nínú agbọ̀n. Lọ́fínńdà ló ń ta sánsán lára rẹ̀. Ẹrẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Inú bí mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo gbé méjèèjì, láìfọ̀, mo kó wọn lé tábìlì kóòṣì.

"Mama, kí lèyí?"

"Pápá kan náà ni wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù kan náà. Ẹ sọ fún mi, èwo nínú wọn ló ṣiṣẹ́?"

Ó yẹ méjèèjì wò. Ó ní kí n má fọ nǹkan kan lọ́jọ́ Sátidé àfi bí òun bá ti rí i.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ nílé bọ́ọ̀lù; ọjọ́ yẹn náà ni Ansẹ́límò gbọ́. Ẹ sáà wò ó: ẹni tó bá gbọ́n á ní, "Ó dáa, màá sáré ní Sátidé." Eré ò wù ú. Èrú ló wù ú.

Ní Sátidé, góòlù méjì wọlé. Lẹ́yìn eré, kóòṣì tẹ́ àwọn jẹ́sì sílẹ̀ nínú yàrá ìmúra, gbogbo wọn dúró yí i ká. Nọ́ńbà mẹ́jọ dúdú fún ẹrẹ̀! Ansẹ́límò ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ojú yín ti rí i báyìí, Mama?"

Mo gbé e. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ẹrẹ̀ eré máa ń bá koríko àti òógùn wọ inú òwú aṣọ lọ. Èyí kàn jókòó sójú bí ọbẹ̀ tó dà sórí ẹ̀wù. Abẹ́ abíyá gbẹ. Ipa ìka márùn-ún sì wà láyà rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń rẹ́ ògiri.

"Ṣòkòtò péńpé rẹ̀ dà?"

Wọ́n fà á yọ. Funfun báláú!

"Ansẹ́límò, àyà lo fi ń sáré ni?"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ansẹ́límò gbaná jẹ.

"Ìyá arúgbó, aṣọ ni wọ́n ní kó o máa fọ̀! Kí lo mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù?"

"Mi ò mọ bọ́ọ̀lù. Mo mọ ẹrẹ̀."

Kóòṣì yíjú sí i. "Ta ló yẹ kó tẹ̀ lé ẹni tó gbá góòlù kejì wọlé?"

Ojú gbogbo wọn yí sí Ansẹ́límò. Ẹni tó ń pariwo Tóks, Tóks, gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Tòkunbọ̀ ò lọ síbì kankan. Ansẹ́límò ló di ará orí bẹ́ńṣì. Ẹgbẹ́ kan lápá Wigan pè é wá dán an wò. Ogún ìṣẹ́jú péré, ó ti tẹ̀ ba, ó ń mí hẹlẹ. Ẹsẹ̀ tí kì í sáré ti gbàgbé eré. Wọ́n dá a padà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, bọ́ọ̀lù ti tán.

Nígbà tó fẹ́ padà sí Sípéènì, ó wá bá mi, ó ní òun fẹ́ jẹ́sì òun kan fún ìrántí. Èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa lẹ́rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ẹ̀rọ mi. Mo ká a, mo fún un, tòun ti ìka márùn-ún láyà. Mi ò fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ o. Ẹni tí a bá fi sáàárín, torí kó lè gbé ti iwájú, kó sì gbé ti ẹ̀yìn la ṣe fi í síbẹ̀. Bó o bá jẹ̀bi, sọ pé ìwọ ni. Má nàka sí aláìṣẹ̀. Bó o bá fẹ́ sinmi, má fi orí ẹlòmíràn ṣe ìrọ̀rí. Iṣẹ́ máa ń dọ̀tí aṣọ, ọṣẹ á sì fọ̀ ọ́. Èyí tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa mọ́ra, kò sí ọṣẹ rẹ̀ lọ́jà.