Ìyàwó Ni Wọ́n Ń Pè É

Dókítà ń tẹ ìsàlẹ̀ ikùn awayanrìn kan. “Ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ ẹ̀jẹ̀?”

“Mẹ́wàá. Gbogbo àwa tá a jọ ń lúwẹ̀ẹ́ lódò la tọ̀ ọ́. A ní a ti dọkùnrin!” Ó rẹ́rìn-ín. “Ọ̀kan wà tí ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kó débẹ̀. Ìyàwó là ń pè é.”

“Aràn inú odò ni. Ẹyin tó yé sínú àpò ìtọ̀ yín ló fa jẹjẹrẹ yìí. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.” Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. “Èmi ni Ìyàwó.”

Awayanrìn dìde jókòó. “Ìyàwó! Àwọn yòókù wa dà?”

“Gbogbo wọn ló ti dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn yìí. Ìwọ lo kẹ́yìn.”