Mo-ti-mọ̀ àti Ẹranko Odò

Ayàwòrán kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ parí. Bí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu, á ní, "Mo ti mọ̀." Bí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ fara dà á títí, ó sú u, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Ilé ìtẹ̀wé kan wá gbé iṣẹ́ ìwé aláwòrán fún àwọn ọmọdé lé e lọ́wọ́. Ìwé náà dá lórí ẹranko odò onírun pupa kan tí ìran rẹ̀ ti run. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù, ó sì ti ṣá.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó tọ́ ọ dàgbà, gbọ́. Etí odò ni wọ́n bí ìyá àgbà yìí sí. Ó fojú ara rẹ̀ rí èyí tó gbẹ̀yìn nínú àwọn ẹranko náà. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Ìyá ránṣẹ́ pè é.

"Ọmọ mi, jókòó, kí n sọ bí ẹranko náà ṣe máa ń tọ́ ọmọ rẹ̀."

"Mo ti mọ̀, Màmá. Fọ́tò wà lọ́wọ́ mi."

"Fọ́tò kì í rìn. Jókòó díẹ̀. Láti àárọ̀, èmi nìkan ni mo wà nílé."

"Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, Màmá."

Orí ìdúró ló wà tó fi jáde. Ìyá kò pè é mọ́. Oṣù náà kò tíì parí tí ìyá àgbà náà fi kú.

Ìwé jáde. Mo-ti-mọ̀ ya ìyá ẹranko tó ń lọ níwájú, ọmọ ń tẹ̀ lé e. Apẹja arúgbó kan rí i lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó mirí.

"Ẹranko yìí kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn. Ó ń pọ̀n ọ́n ni, kódà nínú omi."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ilé ìtẹ̀wé, wọ́n wá bi í léèrè ìyókù. Ó ní, "Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà. Ẹ bi àgbà tó jù mí lọ."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ilé ìtẹ̀wé kó ìwé náà kúrò lọ́jà, wọ́n ní kó tún un yà. Mo-ti-mọ̀ sáré lọ bá obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìyá àgbà náà.

"Ṣé Màmá sọ ìtàn ẹranko yẹn fún yín?"

"Rárá o. Wọ́n ní ọmọ àwọn làwọn ń fi í pamọ́ fún."

Kò rí ẹni tó mọ ìyókù, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí dòní, òun nìkan ló ń gbé inú yàrá méjì tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń gbé tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, abéèrè kì í ṣìnà. Àgbà tó ń pè wá lónìí kò ní í wà títí. Bó bá lọ, ohun tó mọ̀ bá a lọ nìyẹn. Nígbà mìíràn, kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ ló ká wọn lára jù, ẹni tó máa jókòó tì wọ́n ni wọ́n ń wá. Ẹ jẹ́ ká jókòó tì wọ́n.