Ẹni Tó Ń Lá Ẹ̀kọ Àdìrẹ

Létí òkun Àgbádárìgì, àwa obìnrin aládìrẹ máa ń po álọ́ọ̀mù mọ́ ẹ̀kọ tí a fi ń ya aṣọ, kó lè korò, kí ewúrẹ́ má baà lá a. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí nǹkan ń lá aṣọ tí mo sá.

“Ewúrẹ́ òṣì!”

“Mo ti so wọ́n mọ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi,” Mopélọ́lá dáhùn láti ìdí aró.

Mo gbé àtùpà. Òórùn ẹja tó ti jẹrà gbá mi nímú. Kò sí ẹ̀kọ lára aṣọ mọ́. Itọ́ tó ń yọ̀ bí omi ilá ló kù.

Ohùn kan bí ti ọmọdé sọ̀rọ̀ lẹ́yìn aṣọ:

“Ìyá, ó mà dùn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi álọ́ọ̀mù kún un.”