Kásẹ́ẹ̀tì Onísẹ́lótéèpù

Àwọn tó ń kó fíìmù jàǹdùkú ilẹ̀ Jàpáànù ayé àtijọ́ jọ ò pọ̀ ní Ìsọlọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ ilé Mísbáù. Wọ́n á wá láti Àgọ́ Palace, wọ́n á jókòó ti kásẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó wá kí ìyá ìkókó. Mísbáù á ní ìtìjú àwọn ọ̀daràn ibẹ̀ ló wu òun: ẹni tó bá ṣẹ ọ̀gá á fọwọ́ ara rẹ̀ gé ìka ọmọńdinrín rẹ̀. Ìsíátù ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ ọ títí, ó ti sú u.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Mísbáù wà ní Ìbàdàn, ọkùnrin kan wá kanlẹ̀kùn. Ara rẹ̀ ń rùn bí ọ̀rá tó jó. Kò ní ìka ọmọńdinrín lọ́wọ́ òsì.

"Ẹ káàsán mà. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọ́n lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ nígun. Wọ́n ní ọkọ yín rà á mọ́ ẹrù kíláàbù fídíò kan tó ń yáni ní fíìmù ní Ṣógúnlé. Ṣé ẹ ti wò ó dé ìparí?"

"Èmi kì í wo fíìmù, sà."

"Tẹ́ ẹ bá wò ó dé ìparí, ẹ máa rí mi níbẹ̀. Mi ò lè jẹ́ kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi àti àgbà kan la jọ ń bọ̀ lọ́la."

Ìsíátù tìlẹ̀kùn. Ẹ̀rù bà á. Nínú fíìmù ọkọ rẹ̀, àwọn ọ̀daràn kì í dá ẹni tó bá rí ojú wọn sí. Ó pe Mísbáù títí, fóònù ò wọlé.

Ó wá kásẹ́ẹ̀tì náà rí. Kò láyà láti wò ó. Tí kò bá ti sí kásẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó rí ojú ẹnikẹ́ni. Ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó da kẹrosíìnì sí i, ó dúró tì í títí ó fi yọ́ tán. Ìgbà yẹn lọ́kàn rẹ̀ tó balẹ̀ díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà fa bàbá arúgbó kan lọ́wọ́ dé, ojú bàbá náà ti ń funfun. Ìsíátù búra fún wọn pé irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ò wọlé àwọn rí. Kò lè gbójú kúrò lára ọwọ́ òsì yẹn.

"Ẹ̀rọ ló gé e mà, níléeṣẹ́ ọ̀rá tí mo ti ń ṣiṣẹ́," ọkùnrin náà sọ. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Bàbá mi yìí ló lẹ sẹ́lótéèpù yẹn bo ihò igun kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yá ní kíláàbù, kí wọ́n lè rékọ́ọ̀dù ìkómọ mi sí ìparí fíìmù, tí wọ́n bá ti pa jàǹdùkú tó kẹ́yìn, màmá mi ló máa gbé mi jáde, àwòrán kan ṣoṣo tí màmá fi sáyé lọ nìyẹn, a kàn fẹ́ kí bàbá tún rí màmá lẹ́ẹ̀kan kójú bàbá tó fọ́ tán."